Ọ́ìlì Gbígbóná àti Awakọ̀ Onísùúrù: Ọ̀rọ̀ lórí Ìtọ́jú Ẹ́ńjìnì ní Pápá Eré-ìje

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó fẹ́ràn mọ́tò ju oúnjẹ lọ, tí ó mọ orúkọ gbogbo ọkọ̀ tí ń sáré ní ayé, tí ó sì lè sọ fún yín bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń yára tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè pé kí ni ó ń tètè pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tí a bá gbé lọ sáré ní pápá, ó ṣeé ṣe kí ó dákẹ́. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ohun náà ni ooru. Kì í sì í ṣe ooru omi rédíétọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni a ń wí, bí kò ṣe ooru inú ọ́ìlì, èyí tí ojú kì í rí, tí kì í sì í ké kí ó tó ba nǹkan jẹ́. Nípa rẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ọ̀NÀ KAN NÍ JÁMÁNÌ

Ní orílẹ̀-èdè Jámánì, láàrin àwọn òkè tí a ń pè ní Eifel, ni pápá eré-ìje Nürburgring wà. Ní 1927 ni wọ́n ṣí i. Apá rẹ̀ tí ó lókìkí jùlọ ni Nordschleife, ọ̀nà ọlọ́dà tí ó gba inú igbó àti orí òkè yípo, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 20.8. Jackie Stewart, ọmọ Scotland, ẹni tí ó borí níbẹ̀ ní 1968 nínú òjò àti kùrukùru, ni ó sọ ọ̀nà náà ní orúkọ tí àwọn awakọ̀ fi ń pè é títí di òní, èyíinì ni Ọ̀run Àpáàdì Aláwọ̀ Ewé. Ní 1976 ni Niki Lauda jóná níbẹ̀ nínú ìjàǹbá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀, láti ọdún náà ni ìdíje Formula One kò sì ti padà sí orí ọ̀nà náà mọ́.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé, ní àwọn ọjọ́ tí a yàn, ẹni tí ó bá ní ìwé ìwakọ̀ lè san owó, kí ó sì wa ọkọ̀ tirẹ̀ lórí ọ̀nà yìí kan náà. Òṣìṣẹ́ báńkì ń wá, olùkọ́ ń wá, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ń wá. Ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé ní ọjọ́ Ajé. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnì bá nọ́ọ̀kì níbẹ̀, kì í ṣe eré ọjọ́ kan ni ó bàjẹ́, owó ilé ni ó lọ. Ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnì tí ó bá fọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré máa ń da ọ́ìlì sí ojú ọ̀nà, ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní mọ̀ títí táyà rẹ̀ yóò fi gùn ún ní kọ́nà. Ohun tí ẹnì kan kò tọ́jú lè tipa bẹ́ẹ̀ di ikú ẹlòmíràn.

IṢẸ́ TÍ Ọ́ÌLÌ Ń ṢE

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí irin má baà ha irin nìkan ni a ṣe ń bu ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ọ́ìlì ni ó tún ń gbé ooru kúrò ní àwọn ibi tí omi rédíétọ̀ kò lè dé. Omi a máa rìn yí apá òkè ẹ́ńjìnì ká, níbi tí iná ti ń jó. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kránkì tí ń yí ní ìsàlẹ̀, àwọn bẹ́rìn tí ó gbé e dúró, àti abẹ́ àwọn písítìnì, ọ́ìlì nìkan ni ó ń bẹ̀ wọ́n wò. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì òde òní, ihò tóóró kan wà tí ń tu ọ́ìlì sí abẹ́ písítìnì kọ̀ọ̀kan láìdúró, kí iná tí ń jó lókè má baà yọ́ ọ.

Nínú gbogbo agbára tí ó wà nínú epo bẹntiróòlù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ó ń di ìrìn ọkọ̀. Ìyókù di ooru. Apá kan bá èéfín jáde, apá kan sì wọ inú omi àti ọ́ìlì. Ní ìgboro, ooru yìí kò tó nǹkan, nítorí pé awakọ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, a máa dúró díẹ̀, ẹ́ńjìnì a sì máa sinmi. Ní pápá eré-ìje kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì lè máa yí ní ìgbà 6,000 tàbí 7,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Ọ́ìlì tí ó há sí àárín kránkì àti bẹ́rìn á máa gbóná nípa yíyí náà fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì ti ń gbóná nígbà tí a bá fi wọ́n ra ara wọn kíákíá.

Ní orí Nordschleife, ibi tí ìdánwò yìí ti le jùlọ ni gígun òkè. Láti ìsàlẹ̀ ní Breidscheid títí dé góńgó ọ̀nà náà ní Hohe Acht, ọkọ̀ ń gun òkè tí ó ga tó nǹkan bí mítà 300. Ẹsẹ̀ awakọ̀ kì í fẹ́ kúrò lórí ohun tí ń mú ọkọ̀ sáré níbẹ̀, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, ṣùgbọ́n nítorí òkè náà, ọkọ̀ kò sáré tó bí ó ti yẹ kí atẹ́gùn fi fẹ́ sí i dáadáa. Iṣẹ́ pọ̀, atẹ́gùn kéré: ibẹ̀ ni ọ́ìlì ti ń gbóná.

ỌYẸ́ ÀTI IYÁNÁ

Ẹ̀yin ìyá ilé mọ̀ pé epo pupa tí ó dì ní òwúrọ̀ ọyẹ́ a máa ṣàn bí omi nígbà tí ó bá gorí iná. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnì rí. Ọ́ìlì tí a kọ 5W-40 sí lára a máa ki tó ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà ní dígírì 40 ju bí ó ti ki lọ ní dígírì 100, ní ìwọ̀n Celsius. Bí ooru bá sì gòkè láti 100 dé 150, kíki rẹ̀ a tún dín kù di nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Àwọn nọ́ńbà tí a ń rí lára agolo ọ́ìlì kò wà fún ẹwà. SAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà, ni ó ti ń to ọ́ìlì sí ipò nípa kíki rẹ̀ láti 1911. Èyí tí ó ṣáájú lẹ́tà W ń sọ bí ọ́ìlì ti ń ṣàn nínú òtútù. Èyí tí ó tẹ̀lé e ń sọ bí ó ti ki tó nígbà tí ó bá gbóná dé dígírì 100. Wọ́n tún ń dán an wò ní dígírì 150, pẹ̀lú ìfúnpọ̀ líle, kí a lè mọ̀ bóyá yóò ṣì lè dáàbò bo bẹ́rìn nígbà tí ìyà bá jẹ ẹ́. Bí nọ́ńbà kejì ti pọ̀ tó ni ọ́ìlì ti ki tó nínú ooru. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí èyí lọ ra èyí tí ó ki jùlọ. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ìdí tí kíki yìí fi ṣe pàtàkì nìyí. Ọ́ìlì tí ó ya kránkì sọ́tọ̀ kúrò lára bẹ́rìn kò nípọn tó irun orí ènìyàn kan. Lórí rẹ̀ ni gbogbo agbára ẹ́ńjìnì dúró lé. Bí ó bá fẹ́lẹ́ jù, irin á kan irin. Bẹ́rìn a yọ́, a sì lẹ̀ mọ́ kránkì, kọ́nrọ́ọ̀dù a lè já, kí ó sì fọ́ ara ẹ́ńjìnì jáde. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀.

Ooru àpọ̀jù tún ń sọ ọ́ìlì di arúgbó. Àwọn onímọ̀ a máa fi ṣe òdiwọ̀n pé bí ooru bá fi dígírì 10 gòkè, bí ọ́ìlì ti ń yára bàjẹ́ a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọ́ìlì tí kò bá sì gbóná tó ní àléébù tirẹ̀, nítorí pé omi àti epo bẹntiróòlù díẹ̀díẹ̀ tí ń bọ́ sínú rẹ̀ kò ní rí ooru tí yóò lé wọn jáde.

OORU TÍ Ń PẸ́ DÉ, TÍ Ń PẸ́ LỌ

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rántí èyí: ooru ọ́ìlì kì í yára dé, kì í sì í yára lọ. Ẹni tí ó bá dúró kí ó rí àmì ewu kí ó tó ṣe nǹkan ti pẹ́.

Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀, omi a máa gbóná láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Awakọ̀ a wo abẹ́rẹ́ géèjì omi, a rí i ní àárín, a sì rò pé gbogbo nǹkan ti pé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì ṣì tutù ní ìsàlẹ̀. Ó lè gba ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 ti ìwakọ̀ jẹ́jẹ́ kí ó tó gbóná bí ó ti yẹ. Ọ́ìlì tútù ki, ó sì lọ́ra. Ẹni tí ó bá tẹ ọkọ̀ dé ilẹ̀ nígbà náà ń ni ẹ́ńjìnì lára kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Nítorí èyí ni ilé-iṣẹ́ BMW ṣe fi àwọn iná kéékèèké sí géèjì yíyí ẹ́ńjìnì nínú M5 tí wọ́n gbé jáde ní 1998. Nígbà tí ọ́ìlì bá tutù, àwọn iná náà a tàn, wọn a fi ibi tí kò yẹ kí awakọ̀ yí ẹ́ńjìnì dé hàn án. Bí ọ́ìlì ti ń gbóná ni wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún aláìnísùúrù.

Ẹ̀tàn kejì ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ géèjì omi kí ó máa dúró ní àárín bí omi bá tilẹ̀ gbóná díẹ̀ tàbí tutù díẹ̀, kí ọkàn onímọ́tò má baà dààmú. Ọ́ìlì lè ti dé 135 nígbà tí abẹ́rẹ́ omi ṣì dúró gbọnyin ní àárín. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí pápá gbọ́dọ̀ ní géèjì tí ń sọ ooru ọ́ìlì fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ kò bá ní in, mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ lè fi sí i.

ÀWỌN ÌWỌ̀N TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀

Ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n a lè fi ìwọ̀n wọ̀nyí ṣe ìtọ́sọ́nà. Bí ọ́ìlì kò bá tíì tó dígírì 80, kí awakọ̀ máa lọ pẹ̀lẹ́. Láti 90 dé 110 ni ọ́ìlì ti wà nínú ilé rẹ̀. Ní pápá, kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù bí ó bá dé 120, tàbí tí ó bá ré kọjá rẹ̀ díẹ̀, bí ọ́ìlì bá jẹ́ ojúlówó síńtẹ́tíìkì tí kò tíì gbó. Bí ó bá ń sún mọ́ 130, ó tó àkókò láti dẹwọ́. Bí ó bá kọjá 140, kí eré parí lójú ẹsẹ̀, kí a sì pààrọ̀ ọ́ìlì náà kí ọkọ̀ náà tó tún lọ sáré.

Kí ojú awakọ̀ sì tún wà lára géèjì agbára tí pọ́ńpù fi ń ti ọ́ìlì. Bí ooru bá ń gòkè tí agbára yìí sì ń relẹ̀ ju bí ó ti máa ń rí lọ, ọ́ìlì ti fẹ́lẹ́ jù nìyẹn. Bí iná pupa ọ́ìlì bá sì tàn, kí ó má ṣe rò ó lẹ́ẹ̀mejì: kí ó yà sí ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí kò séwu, kí ó sì pa ẹ́ńjìnì.

OHUN TÍ AWAKỌ̀ LÈ ṢE

Kí ó tó jáde nílé, kí ó fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ, kí ó sì rí i pé ọ́ìlì dé àmì òkè. Bí ọ́ìlì bá dín, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó kù ni yóò máa ru gbogbo ẹrù ooru náà; ní kọ́nà, yóò sì ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ọpọ́n rẹ̀, pọ́ńpù a sì fa atẹ́gùn dípò ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe bù ú kọjá àmì náà, nítorí kránkì yóò máa po ó bí ẹni po ọṣẹ, yóò hó, yóò sì tún gbóná sí i. Nítorí ìṣòro kọ́nà yìí ni àwọn tí ó ṣe Porsche 911 kò fi jẹ́ kí ọ́ìlì dúró ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì rárá. Wọ́n ṣe àgbá sí i lọ́tọ̀, pọ́ńpù a sì máa fa ọ́ìlì padà sínú rẹ̀. Láti 1964 títí di 1998, àwọn ọkọ̀ yìí kò ní omi rédíétọ̀ rárá. Atẹ́gùn àti ọ́ìlì ni ó ń tu ẹ́ńjìnì wọn lára.

Rédíétọ̀ kékeré tí a ṣe fún ọ́ìlì ni ìrànlọ́wọ́ tí ó dájú jùlọ fún ẹni tí ó ń lọ sí pápá lemọ́lemọ́. Kí a fi í síbi tí atẹ́gùn yóò ti gba inú rẹ̀ kọjá, kí a sì máa gbọn ewé àti kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Kí ó sì ní ilẹ̀kùn tí ooru ń ṣí, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tẹmositáàtì, kí ọ́ìlì má baà máa lọ sínú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì tutù.

Nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ awakọ̀ ni ìyókù wà. Kí ó yí jíà sókè kí ẹ́ńjìnì tó dé góńgó yíyí rẹ̀. Bí ó bá ń yí jíà ní 6,000 dípò 7,000, kò ní pẹ́ púpọ̀ sí i lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ooru ọ́ìlì yóò rọlẹ̀. Kí ó má ṣe lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ tí ó wà níwájú, nítorí atẹ́gùn gbígbóná tí a ti lò tán ni ó ń rí gbà níbẹ̀. Bí ó bá gun òkè dé Hohe Acht tí ó sì rí i pé abẹ́rẹ́ ti ga, kí ó dẹwọ́ níbẹ̀, kí ó má ṣe sọ pé òun yóò kọ́kọ́ parí ìyípo náà. Ní ìparí ọ̀nà yìí, ibi títẹ́jú tí ó gùn ju kìlómítà 2 lọ wà, tí a ń pè ní Döttinger Höhe. Àwọn kan a máa tẹ ọkọ̀ dé ilẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n lè rí bí yóò ti sáré tó. Ọlọ́gbọ́n a máa fi jíà tí ó ga jùlọ rìn níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ fúyẹ́, kí atẹ́gùn fẹ́ sí ọ́ìlì rẹ̀. Bí ìṣòro bá dé, ó tún lè ṣí ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ gbóná sílẹ̀ pátápátá. Yóò làágùn, ṣùgbọ́n yóò gba ooru díẹ̀ kúrò nínú omi, èyí tí í sì ń ran ọ́ìlì lọ́wọ́ nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì.

NÍGBÀ TÍ ERÉ BÁ PARÍ

Bí awakọ̀ bá ti jáde, kí ó má ṣe yára pa ẹ́ńjìnì. Ooru ṣì wà nínú irin. Bí pọ́ńpù bá dúró lójijì, ọ́ìlì tí ó há sínú tọ́bò gbígbóná yóò jóná níbẹ̀, yóò sì di èédú líle tí yóò dí ojú ihò. Kí ó rìn pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa yí lóun nìkan fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ó tó pa á. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sinmi, kí ó tún wọn ọ́ìlì, nítorí eré a máa jẹ ọ́ìlì. Ọ́ìlì tí ó ti lọ sí pápá kò lè pẹ́ tó èyí tí a fi ń rìn ní ìgboro. Nígbà tí a bá sì ń pààrọ̀ rẹ̀, kí mẹkáníìkì la asẹ́ ọ́ìlì wò. Bí ó bá rí ìwẹ́wẹ́ irin tí ń dán nínú rẹ̀, bẹ́rìn ti ń jẹ nìyẹn, kí a tètè ṣe é.

ÀWA TÍ KÒ NÍ DÉ PÁPÁ ŃKỌ́?

Ẹnì kan lè wí pé, kí ni èyí kàn mí, èmi tí ń lo ọkọ̀ mi láti ilé dé ibi iṣẹ́? Ó kàn án. Ọkọ̀ tí ó ru èrò àti ẹrù kún fọ́fọ́, tí ó ń gun àwọn òkè Èkìtì ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, ń jìyà tí ó jọ ti ọkọ̀ tí ń gun òkè lọ sí Hohe Acht: iṣẹ́ pọ̀, atẹ́gùn kéré. Ẹni tí ó bá tan mọ́tò ní òwúrọ̀ tí ó sì fọn ọ́n kíkankíkan kí ọ́ìlì tó gòkè, ìyà kan náà ni ó fi ń jẹ ẹ́. Ẹni tí ó sì ń lo ọ́ìlì tí ó ti dúdú, tí ó ti rùn, nítorí pé ó fẹ́ fi owó pamọ́, ẹ́ńjìnì ni yóò fi owó náà rà.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn eré mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ó sáré jùlọ ní ìyípo kan ni a ń pè ní ọ̀gá awakọ̀. Ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dẹwọ́ ni, kí abẹ́rẹ́ tó sọ fún un. Ẹni tí ó gbé ọkọ̀ lọ, tí ó gbádùn rẹ̀, tí ó sì gbé e padà sílé láyọ̀ fún àwọn tí ń retí rẹ̀.